Sẹ́ńsọ̀ kò fara hàn lórí Linux: ṣé dandan ni kí n tún kernel kọ́?

Ìbéèrè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà tuntun, Linux ni mo sì fi sí i. Tí mo bá tẹ `sensors`, ìgbóná CPU nìkan ló ń yọ láti ọ̀dọ̀ k10temp, ètò tó ń ka ìgbóná CPU AMD, àti ti dísìkì NVMe. Kò sí fáànù kankan níbẹ̀, kò sí fólítì kankan. `sensors-detect` ní òun rí Nuvoton NCT6798D ní àdírẹ́sì 0x290, ó ní kí n lo driver nct6775, ètò tí kernel fi ń bá ṣíìpù náà sọ̀rọ̀. Mo tẹ `modprobe nct6775`, èsì tí mo gbà ni `No such device`. Ẹnì kan ní kí n fi patch, ìyẹn àtúnṣe kékeré sí kóòdù, sí kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux. Ẹnì kejì ní kí n kàn fi `acpi_enforce_resources=lax` kún ìlà tí GRUB fi ń tan kernel. Ẹnì kẹta ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé ojú BIOS ti tó mi wò. Mi ò kọ́ kernel rí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

* * *

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta júwe oògùn kí wọ́n tó bi yín níbi tó ń dùn yín. `No such device` yẹn ò sọ pé ṣíìpù ò sí. `Sensors-detect` ṣáà ti bá a pàdé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé driver dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ẹlòmíràn tó ti ní òun ló ni ibẹ̀, ó sì ṣẹ́rí padà. Ẹ tẹ èyí:

`sudo dmesg | grep -i -E 'nct6775|conflict'`

Tí ẹ bá rí ìlà méjì tó jọ ìwọ̀nyí:

```
nct6775: Found NCT6798D or compatible chip at 0x2e:0x290
ACPI Warning: SystemIO range 0x0000000000000295-0x0000000000000296 conflicts with OpRegion ...
```

a ti mọ orúkọ àrùn náà nìyẹn. Ìjà àdírẹ́sì ni, láàárín driver àti ACPI, ìyẹn ètò tí firmware (kóòdù tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú bọ́ọ̀dù) fi ń bójú tó ohun inú ẹ̀rọ. Tí ẹ ò bá rí ìkankan nínú méjèèjì, ó lè jẹ́ pé kernel yín ti pẹ́ jù láti mọ ṣíìpù náà, kernel tuntun nìkan ló máa wò ó sàn. Ẹ mú èsì yẹn padà wá ká tó sọ̀rọ̀ patch rárá.

Ti ẹni tó ní BIOS ti tó, mi ò gbà fún un. Nínú BIOS, ẹ̀rọ ò ṣe iṣẹ́ gidi kankan. Ìgbóná tí a fẹ́ mọ̀ ni ti ìgbà tí gbogbo ojú CPU ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko, àti bóyá fáànù ń sáré tó nígbà yẹn. BIOS ò lè fi ìyẹn hàn yín láé.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé pé kí n yéé sọ “ìjà” láìṣàlàyé ẹni tó ń bá ta jà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣíìpù tó ń ka fáànù àti fólítì lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè ní Super I/O. Kernel máa ń kàn án lára ní pọ́ọ̀tù 0x2e àti 0x2f, tàbí 0x4e àti 0x4f. Ibẹ̀ ló ti ń bi í pé “ta ni ọ́, ibo lo kó sẹ́ńsọ̀ rẹ sí?” Ṣíìpù á ní “NCT6798D ni mí, 0x290 ni.” Láti ibẹ̀ lọ, pọ́ọ̀tù méjì péré ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá: 0x295, tí a ń kọ nọ́mbà register (àyè kékeré tí ṣíìpù ń kó iye kan sí) tí a fẹ́ sí, àti 0x296, tí a ti ń ka ìdáhùn.

Àwọn register pọ̀, pọ́ọ̀tù méjì yìí ò gbà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní bank. Kí driver tó ka fáànù kan, ó máa kọ 0x4E sí 0x295, kọ nọ́mbà bank sí 0x296, kọ nọ́mbà register sí 0x295, kó tó wá ka 0x296. Ẹsẹ̀ mẹ́rin. Tí ẹlòmíràn bá wọlé láàárín ẹsẹ̀ kejì àti ẹkẹta, tó sì yí bank padà, ohun tí driver máa kà ò ní jẹ́ fáànù mọ́. Ó lè jẹ́ fólítì, ó lè jẹ́ ìgbóná, nọ́mbà ni yóò ṣáà yọ, kò sì sí ohun tó máa fi hàn pé irọ́ ni.

Àwọn driver inú kernel ní àgádágodo tí wọ́n fi ń dúró de ara wọn. Firmware ò mọ àgádágodo yẹn. Kóòdù ACPI tí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀dù kọ lè wọ inú ṣíìpù kan náà nígbà tó bá wù ú, bóyá láti wo ìgbóná, bóyá láti yí fáànù. Àgbò méjì kò lè mu omi nínú koto kan. Ìdí nìyẹn tí kernel fi ń dá driver dúró bí ACPI bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àdírẹ́sì yẹn. Kernel ò ṣàṣejù níbẹ̀.

Kíkà ni mo ń sọ láti àárọ̀ o. Kíkọ ló burú jù. Driver yìí kan náà ló ń kọ iye tí fáànù máa fi sáré. Bí bank bá yí padà lójijì nígbà tó ń kọ ọ́, iye náà á bọ́ sínú register míì, a ò sì mọ èwo.

* * *

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ `lax`, tó ń sọ fún kernel pé kó má dá driver dúró mọ́, ló máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ó sì ti dá a sílẹ̀ báyìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé: “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, nǹkan kan ò ṣe mí.” Àwọn kan tún ní gbogbo ìkìlọ̀ ACPI yẹn, ìdẹ́rùbà lásán ni.

Mo gbà pé lórí bọ́ọ̀dù kan, wọ́n kàn kọ àdírẹ́sì náà sínú ACPI lásán ni, kò sí ohun tó ń fọwọ́ kàn án. Lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, `lax` ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ̀ bóyá irú rẹ̀ ni tiyín nípa pé ọdún ti kọjá láìsí wàhálà. Ibi tí ẹ ti lè mọ̀ wà: ẹ fi `acpidump` kó àwọn tábìlì ACPI jáde, ẹ fi `acpixtract -a` pín wọn, ẹ fi `iasl -d` tú DSDT, tábìlì tó gbé kóòdù ACPI, sí ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà. Ìkìlọ̀ inú dmesg ti dárúkọ OpRegion tó ń fa ìjà náà, ìyẹn agbègbè àdírẹ́sì tí ACPI ní òun ló ni. Ẹ wá orúkọ yẹn nínú fáìlì náà, kí ẹ wo àwọn ìlànà tó ń pè é. Bí kò bá sí ìlànà kankan tó ń kà á tàbí tó ń kọ sí i, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìlànà tó ń wo ìgbóná ń wọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi `lax` sílẹ̀.

Ojú mi ti rí i. Mo ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, mo fi `lax` sí i, gbogbo sẹ́ńsọ̀ yọ, inú mi dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni fáànù CPU bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 1180, 1180, 0, 1180. Mo rò pé fáànù ló ń kú lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Fáànù tuntun náà tún ń ṣe 0 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo tú DSDT ni mo rí i pé firmware ń lọ wo ìgbóná nínú ṣíìpù yẹn kan náà léraléra. Fáànù tí mo kọ́kọ́ yọ jù sẹ́yìn, kò sí ohun tó ṣe é.

Nǹkan kejì tí ẹni tó ń júwe `lax` kì í sọ ni pé kì í ṣe nct6775 nìkan ló ń tú sílẹ̀. Gbogbo driver tó bá ń bá ACPI du àdírẹ́sì ló ń ṣílẹ̀kùn fún, títí kan ti SMBus, ọ̀nà tí àwọn ṣíìpù kékeré fi ń sọ̀rọ̀, níbi tí ìsọfúnni àwọn RAM wà. Driver it87, tó wà fún àwọn ṣíìpù ITE, ní `ignore_resource_conflict` tirẹ̀, tó ń ṣílẹ̀kùn fún òun nìkan. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fojú fo ìkìlọ̀, irú ilẹ̀kùn kékeré yẹn ló sàn.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá. Ìlà méjèèjì wà nínú dmesg rẹ̀. Ìjà àdírẹ́sì ni lóòótọ́.

Ibi tí patch ti wúlò gan-an nìyí. Láti kernel 5.16, tó jáde ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2022, nct6775 ti kọ́ ọ̀nà kejì fún àwọn bọ́ọ̀dù ASUS kan. Kàkà kó máa fúnra rẹ̀ wọ pọ́ọ̀tù, ó ń bẹ firmware pé “bá mi ka register yìí,” nípasẹ̀ WMI, ọ̀nà tí ètò fi ń pe iṣẹ́ inú firmware. Firmware á ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, á kà á, á dá a lóhùn. Kò sí ìjà mọ́, torí ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọlé.

Wàhálà tó kù ni pé driver ò kàn lè gbìyànjú èyí lórí gbogbo bọ́ọ̀dù. Àkójọ orúkọ wà nínú `drivers/hwmon/nct6775-platform.c`. Bí orúkọ bọ́ọ̀dù yín kò bá sí nínú rẹ̀, driver á padà sí ọ̀nà àtijọ́, á tún bá ACPI lẹ́nu ọ̀nà, á tún ní `No such device`. Patch tí wọ́n ń dẹ́rù bà yín pẹ̀lú rẹ̀ lè má ju ìlà kan lọ.

Ẹ wo nǹkan méjì:

`cat /sys/class/dmi/id/board_name`

`cat /sys/bus/acpi/devices/PNP0C14*/uid`

Èyí àkọ́kọ́ ni orúkọ tí ẹ máa kọ. Ó gbọ́dọ̀ bá a mu lẹ́tà sí lẹ́tà, títí kan àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àkámọ́ tó bá wà níbẹ̀. Èkejì ló máa sọ àkójọ tí ẹ máa kọ ọ́ sí, torí méjì ni wọ́n. Tí `ASUSWMI` bá wà lára ohun tó yọ, `asus_wmi_boards` ni. Tó bá jẹ́ `AsusMbSwInterface` ló wà níbẹ̀, `asus_msi_boards` ni. Mo ti rí àwọn tó fi orúkọ sí àkójọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n wá ní patch ò ṣiṣẹ́.

Àwọn tí bọ́ọ̀dù wọn jẹ́ Gigabyte, ẹ wo driver gigabyte-wmi, ó wà nínú kernel láti 5.13. Ìgbóná nìkan ló ń fúnni, kì í ka fáànù. Fún àwọn bọ́ọ̀dù ASUS tó gbé sẹ́ńsọ̀ kan sínú EC (ṣíìpù kékeré tó ń darí iṣẹ́ inú bọ́ọ̀dù), asus-ec-sensors wọlé ní 5.18, òun náà sì ní àkójọ orúkọ tirẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan yọjú láàárín: ṣé `sensors-detect` lè ba ẹ̀rọ jẹ́?

Ìbẹ̀rù yẹn ní orísun. Àwọn ThinkPad ìgbà IBM kan ní EEPROM (ṣíìpù ìrántí) 24RF08, tí ohun inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí àyẹ̀wò SMBus kàn án, tí ẹ̀rọ náà kò sì tàn mọ́. Àwọn tó ń ṣe lm_sensors, tí `sensors-detect` wà nínú rẹ̀, kọ ìkìlọ̀ lé e lórí, wọ́n sì fi ààbò sí irinṣẹ́ náà. Lónìí, bí ẹ bá ń tẹ Enter lásán sí ìbéèrè rẹ̀, ìdáhùn tí ewu rẹ̀ kéré ló ń gbà fún yín. Ẹ má kàn máa tẹ YES síbi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti kọ NO.

* * *

Olùbéèrè ní uid òun jẹ́ `ASUSWMI`, orúkọ bọ́ọ̀dù òun ò sì sí nínú àkójọ. Ó ní ṣé òun ní láti kọ́ odindi kernel nítorí ìlà kan?

Rárá o. Níbí ni mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ ìtọ́sọ́nà gígùn. Bí driver náà bá jẹ́ module, ìyẹn fáìlì tó dá dúró tí kernel ń gbé wọlé, òun nìkan lẹ máa kọ́. Ẹ wò ó:

`grep NCT6775 /boot/config-$(uname -r)`

Bí ẹ bá rí `=m`, ó ti rọrùn. Bí ó bá jẹ́ `=y`, wọ́n ti dì í mọ́ inú kernel, odindi kernel ló kù yẹn.

Ẹ gba kóòdù kernel tí ẹ̀dà rẹ̀ bá èyí tí ẹ ń lò mu, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe Linux tí ẹ fi sí ẹ̀rọ. Ẹ má mú 6.12 wá kọ́ fún 6.8. Nínú `drivers/hwmon`, ẹ da `nct6775-core.c`, `nct6775-platform.c`, `nct6775.h` àti `lm75.h` sínú àpò kan. Ẹ má gbàgbé `lm75.h`, core ń pè é, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń há. Ẹ kọ orúkọ bọ́ọ̀dù yín sínú àkójọ:

```
 static const char * const asus_wmi_boards[] = {
+	"orúkọ bọ́ọ̀dù yín gẹ́gẹ́ bí ó ti wà",
```

Ẹ kọ Makefile onílà mẹ́ta:

```
obj-m += nct6775-core.o
obj-m += nct6775.o
nct6775-objs := nct6775-platform.o
```

Lẹ́yìn náà:

`make -C /lib/modules/$(uname -r)/build M=$PWD modules`

Ìṣẹ́jú kan kò ní pé. Ẹ da fáìlì `.ko` méjèèjì sínú `/lib/modules/$(uname -r)/updates`, ẹ ṣe `sudo depmod -a`, ẹ wá tẹ `sudo modprobe nct6775`. Depmod sábà máa ń fi ti inú `updates` ṣáájú ti kernel, ẹ ò ní láti pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí nǹkan bá yíwọ́, ẹ yọ méjèèjì kúrò, ẹ tún ṣe depmod, ẹ̀rọ yín á padà sí bó ṣe wà.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. `Invalid module format`: ẹ̀dà kóòdù tàbí ètò rẹ̀ ò bá kernel tó ń ṣiṣẹ́ mu, `modinfo -F vermagic` máa fi hàn yín. `Key was rejected by service`: Secure Boot ló wà ní títàn, kernel ò sì gba module tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí. Àwọn kan máa ní kí ẹ pa Secure Boot. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ ṣe kọ́kọ́rọ́ tiyín, ẹ fi `mokutil --import` forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ tàn kí ẹ gbà á wọlé, ẹ wá fi `scripts/sign-file` fọwọ́ sí module. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó máa wúlò fún gbogbo module tí ẹ bá tún kọ́ lọ́la.

* * *

Ẹnì kan ní DKMS, irinṣẹ́ tó ń tún module kọ́ fún kernel tuntun, ló yẹ kí n júwe, pé kernel tuntun kọ̀ọ̀kan máa mú kí ọwọ́ padà sí ibẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé kernel tuntun ò ní ka ohun tó wà nínú `updates` ti kernel àtijọ́, DKMS á sì tún un kọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fi ń ṣọ́ra ni pé kóòdù tí ẹ dà sínú DKMS dúró sójú kan, kernel sì ń rìn lọ. Àwọn tó ń ṣe kernel ò fìgbà kan ṣèlérí pé inú rẹ̀ ò ní yí. Ní 6.11, iṣẹ́ `remove` ti platform driver yí láti `int` sí `void`, ọ̀pọ̀ module tó wà lẹ́yìn òde ló sì kọ̀ láti kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá lo DKMS gbọ́dọ̀ máa wo àbájáde rẹ̀ nígbà tí kernel bá yí padà. Mo ti bá ẹni tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú fún oṣù mẹ́ta láìmọ̀ pàdé, tó rò pé fáànù òun ń bá ìgbóná lọ.

Àwọn tó fi dandan kọ́ odindi kernel, ẹ gbọ́ èyí. `make localmodconfig` dára, ó ń dín àkókò kù púpọ̀, ṣùgbọ́n module tó wà lórí iṣẹ́ ní wákàtí yẹn nìkan ló ń fi sílẹ̀. Èmi ṣe é láìfi dísìkì USB sí ẹ̀rọ. Kernel tuntun tàn dáadáa, ìgbà tí mo fẹ́ da nǹkan sórí dísìkì USB ni mo rí i pé kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ ki gbogbo ohun tí ẹ ń lò bọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ àṣẹ yẹn. Kernel àtijọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú GRUB. Ẹni tó bá yọ ọ́, dísìkì ìrànwọ́ ló máa fi wọlé.

* * *

Ó ti ṣiṣẹ́! Olùbéèrè ní ohun gbogbo yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà á: AUXTIN (ojú ìgbóná àfikún) kan ń ṣe 127 °C, òmíràn ń ṣe -62 °C. Ó ní ṣé kí òun pa ẹ̀rọ náà?

Ẹ má pa á. Ṣíìpù náà ní ojú sẹ́ńsọ̀ tó ju èyí tí ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀dù so nǹkan mọ́. Ojú tí kò sí nǹkan lára rẹ̀ máa ń sọ ohun tó wù ú. Ohun tó yẹ kó jẹ yín lógún ni èyí tí nọ́mbà rẹ̀ dára lójú, tí ó sì jẹ́ irọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ènìyàn máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta jà pẹ̀lú kernel, bí nọ́mbà bá ti yọ, ó ti gbà á gbọ́. Kernel ò mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ so mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan. 12 V ò lè wọ inú ṣíìpù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi resistor dín in kù kó tó débẹ̀, bí ẹ ò bá sì sọ ìlọ́po rẹ̀ fún `sensors`, ó lè yọ bíi 1.0 V. Ìlọ́po yẹn yàtọ̀ láti bọ́ọ̀dù sí bọ́ọ̀dù. Ẹ má da ti ẹlòmíràn kọ.

Àwọn tó ń ṣe kernel pàápàá ti bá èyí pàdé. Ní 2020, k10temp bẹ̀rẹ̀ sí í fi fólítì àti ìṣàn iná CPU Zen hàn. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí AMD ò tẹ ìtumọ̀ àwọn register yẹn jáde, ohun tó sì ń yọ ò ṣeé gbára lé. Àwọn kan bínú. Èmi gbè àwọn tó yọ ọ́ lẹ́yìn. Kó má sí nọ́mbà sàn ju kí irọ́ wà níbẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: mo ń kọ nọ́mbà inú BIOS sílẹ̀, mo ń fi wọ́n wé ti `sensors` kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń fún CPU níṣẹ́ líle fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìgbóná CPU gbọ́dọ̀ gòkè kíákíá, ti bọ́ọ̀dù á gòkè díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò mira rárá, ẹ fura sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa wá kọ fáìlì sínú `/etc/sensors.d/`:

```
chip "nct6798-*"
    label fan2 "CPU"
    ignore temp5
```

Nọ́mbà tiyín lẹ máa fi sí i. Àpẹẹrẹ ni tèmi.

Ẹlòmíràn ní Ryzen 7 1800X òun gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, pé 20 °C ló fi lé. Tctl lẹ ń wò. Tctl wà fún ìdarí fáànù, AMD sì mọ̀ọ́mọ̀ fi 20 lé e lórí irú yẹn, 10 lórí 2700X, 27 lórí Threadripper 1950X. Tdie ni ìgbóná gidi. k10temp ń fi méjèèjì hàn lórí irú CPU wọ̀nyẹn.

* * *

Ìbéèrè ìdarí fáànù ti dé, bí mo ṣe retí. “Nígbà tí pwm ti yọ, ṣé mo lè máa darí fáànù fúnra mi?”

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kíkà dúró dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. `pwm1`, fáìlì tó ń sọ bí fáànù ṣe máa sáré tó, ń gba 0 títí dé 255. `pwm1_enable` ló ń sọ ẹni tó wà nídìí ìdarí: lórí nct6775, 1 túmọ̀ sí pé ẹ̀yin ni, 5 túmọ̀ sí Smart Fan IV tí ṣíìpù ń darí fúnra rẹ̀, 0 sì ni kí fáànù sáré tán pátápátá. Ẹ ka iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi 1 sí i, tí ẹ fi 0 sí `pwm1`, fáànù lè dúró, kò sì sí ẹni tó máa tún un gbé dìde bí ètò yín bá kú.

Ohun míì: nọ́mbà àpò tí kernel kó sẹ́ńsọ̀ sí kò dúró sójú kan, hwmon3 òní lè di hwmon4 lọ́la. Bí àwọn driver bá ṣe tètè dé sí ni wọ́n ń gba nọ́mbà. Ẹni tó bá kọ ètò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ka fáìlì `name` láti mọ èyí tó jẹ́ nct6798. `fancontrol`, ètò ìdarí fáànù tó bá lm_sensors wá, ń ṣe àyẹ̀wò yẹn, ó sì ń kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí orúkọ bá ti yí. Ẹ má yọ ìlà DEVNAME kúrò nínú ètò rẹ̀ kó lè dákẹ́ fún yín.

* * *

Olùbéèrè ní `fan4` òun ń ṣe 0. Nǹkan kan kò so mọ́ ojú yẹn lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ti lọ wò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù ni ìlà kan tí ẹ kọ yẹn. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí ó ti wà lọ́wọ́ yín nìkan, gbogbo kernel tuntun ni ẹ máa tún un kọ́, gbogbo ẹni tó bá sì ra irú bọ́ọ̀dù yẹn máa wá béèrè ohun tí ẹ béèrè. Ẹ gba kóòdù kernel pẹ̀lú git, ẹ fi orúkọ náà síbi tó tọ́ nínú àkójọ, torí bí ábídí ṣe tò ni wọ́n tò ó. Ẹ fi `git commit -s` kọ Signed-off-by yín, ẹ jẹ́ kí `scripts/checkpatch.pl` yẹ̀ ẹ́ wò. `scripts/get_maintainer.pl` máa sọ àwọn tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí: Guenter Roeck tó ń bójú tó hwmon, àti àpò ìwé linux-hwmon. Ẹ sọ nínú lẹ́tà náà pé ẹ ti dán an wò lórí bọ́ọ̀dù yẹn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ fi `git send-email` ránṣẹ́. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé i-meèlì lásán, táàbù inú kóòdù lè di àlàfo, patch náà ò sì ní wọlé.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún nǹkan kan ṣe, ẹ kọ v2 sí àkọlé rẹ̀, ẹ tún un fi ránṣẹ́. Bí ẹlòmíràn níbí bá ní bọ́ọ̀dù kan náà, kó kọ́ module náà bí a ṣe kọ́ ọ lókè, kó dá lẹ́tà yẹn lóhùn pẹ̀lú Tested-by. Lọ́jọ́ tó bá wọlé, ẹ yọ ti inú `updates` kúrò, ẹ ṣe depmod, ẹ jẹ́ kí kernel lo tirẹ̀.